Ǹjẹ́ ó yẹ kí n máa bi ẹni tó ń wá iṣẹ́ bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí?

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Òkè-Fìà · Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo Òròkí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ Ẹtì.

Ilé búrẹ́dì kékeré ni mo ní. Ẹni méjì ni mò ń wá: ẹni tí yóò máa gbowó níwájú, àti ẹni tí yóò máa fi ọkọ̀ kó búrẹ́dì lọ sí Ẹdẹ, Ìlobùú àti Ìkìrun, tí yóò sì máa gbowó bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa tà á. Ọmọ mi bá mi wá fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a tẹ̀ ẹ́, a pín in. Mi ò fara balẹ̀ kà á. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀: “Ǹjẹ́ ilé-ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi ọ̀ràn kankan rí?”

Ènìyàn 23 ló kọ ọ́ wá. Méjìlélógún kọ rárá. Ẹnìkan ṣoṣo ló kọ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ṣàlàyé sábẹ́ rẹ̀: olè ni, ọdún 2017, oṣù mẹ́jọ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà. Ọmọkùnrin ọdún 29 ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé òun gan-an ni mo fẹ́ mú. Ó ti wa ọkọ̀ búrẹ́dì rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èyí tí kò tà, ó tún mọ ọ̀nà Ìkìrun bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n ya fọ́ọ̀mù náà. Èmi náà wá ń rò ó pé ká ní ó kọ rárá bíi ti àwọn yòókù ni, ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ǹ bá ti ní kó máa bọ̀ níṣẹ́.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí ìbéèrè yẹn wà níbẹ̀? Ní báyìí tí mo sì ti mọ̀, kí ni kí n ṣe?

POS Olú-Ọdẹ · 7:05 àárọ̀

Ìyá, ẹ má rò ó púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń jalè. Bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ẹ máa bi wọ́n, ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa lọ. Ọmọbìnrin tó ń bá mi jókòó sídìí POS kó ₦380,000 mi lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò sì rí kọ́bọ̀ gbà padà títí dòní. Àánú ò lè dá owó padà.

Ìyá Ilé-ìwé, Àyétòrò · 7:31 àárọ̀

Irú iṣẹ́ tó jẹ́ ló ṣe kókó. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lèmi ní, mi ò sì ní yọ ìbéèrè yẹn láéláé. Olùkọ́, agbálẹ̀, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ, gbogbo wọn ni mò ń bi. Àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, náà ní ìwé orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀, láti 2019 ló ti wà, mo sì máa ń wá orúkọ ènìyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ìkà kan ọmọdé rí, ì báà jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn, kò ní wọ ọgbà mi.

Àmọ́ búrẹ́dì kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tó jalè nígbà tó wà ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlélógún, mi ò lè sọ pé ẹjọ́ kan náà ni.

Wọ́dà Tó Ti Fẹ̀yìntì · 8:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, Iléṣà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yìí tò kó tó dàrú.

Ohun mẹ́ta làwọn èèyàn ń fi orúkọ kan pè. Kí ọlọ́pàá mú ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni. Kí wọ́n tì í mọ́lé títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí, ọ̀tọ̀ ni. Kí adájọ́ dá a lẹ́bi, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, kò sí adájọ́ tó tíì dá wọn lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Mo mọ ẹnìkan tó lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa kí adájọ́ tó ní kó máa lọ sílé, pé kò jẹ̀bi. Bí ẹ bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ṣé ó ti dé ẹ̀wọ̀n rí, kí ni kó wí? Nítorí náà, bí ẹ bá máa béèrè, ìdálẹ́bi nìkan ni kí ẹ béèrè. “Ṣé ọlọ́pàá ti mú ọ rí” kì í ṣe ìbéèrè tó yẹ ọmọlúàbí, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń kó ọ̀dọ́ sọ́kọ̀ torí irun dàda àti láptọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀.

Òfin 2019 tó yí orúkọ iṣẹ́ wa kúrò ní ti ẹ̀wọ̀n sí ti àtúnṣe ìwà fi àyè ìwé ẹ̀rí ìwà rere sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe dáadáa nínú ọgbà. Ọmọkùnrin tiyín ti jáde kí òfin náà tó dé, ẹ má retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ lè bi wọ́n léèrè.

Ẹ̀yin ọ̀gá POS, mo bá yín kẹ́dùn owó yín, ó dùn mí dénú. Àmọ́ ẹ dá mi lóhùn: ọmọbìnrin tó kó o lọ, ṣé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín?

POS Olú-Ọdẹ · 9:10 àárọ̀

Rárá, bàbá. Ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò ṣẹ̀wọ̀n rí, kò sì tíì ṣe é dòní.

Mo gbà fún yín níbẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní kí Ìyá má béèrè o. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni onídùúró. Ẹ gba méjì, kí wọ́n jẹ́ ẹni tó nílé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, kí ẹ sì RÌN débẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá ọmọ yẹn ló dúró fún un. Ìgbà tí owó lọ tán ni mo tó wá ilé tó kọ sínú ìwé lọ ní Ọ̀tà-Ẹfun. Wọ́n ní ó ti kó kúrò láti ọdún tó kọjá.

Lọ́yà, Ọ̀gọ̀-Olúwa · 10:22 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin dúró sí.

Kò sí òfin Nàìjíríà tó ní kí oníṣòwò má béèrè, kò sì sí èyí tó fi dandan lé e fún iṣẹ́ bíi ti Ìyá. Bákan náà, a ò ní òfin tó ń pa ìdálẹ́bi àgbàlagbà rẹ́ nígbà tó bá ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999. Abala 36 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò jẹ̀bi títí wọn yóò fi fìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀, èyí sì gbe ọ̀rọ̀ Wọ́dà lẹ́sẹ̀. Abala 66 àti 137 ní ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà àìṣòótọ́ kò lè du ipò aṣòfin tàbí ti ààrẹ bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún ẹni tí yóò máa ṣèjọba lé gbogbo wa lórí. Mi ò wá rí ìdí tí ẹni tó fẹ́ gbé búrẹ́dì dé Ìkìrun yóò fi ru tirẹ̀ wọ sàréè.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí àwọn tó bá wá bá mi wò pọ̀: ọ̀ràn wo ló dá, ó ti pẹ́ tó, kí ló sì fi kan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé fún un? Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó mutí wakọ̀, kò burú bó bá jókòó gbowó, àmọ́ ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún un. Ẹni tó sì jí owó ọ̀gá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ má fi í sídìí àpótí owó.

Ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbà á: wọn yóò tẹ ìka rẹ̀, wọn yóò sì yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀daràn wò ní Alágbọn, l'Ékòó. Owó ń lọ sí i. Ẹ má rán ènìyàn 23 lọ gbà á. Ẹni tí ẹ bá ti mú nìkan ni, kí ẹ sì bá a san án bí agbára bá ká a.

Ohun tí ẹ̀yin oníṣòwò kì í sábà rántí: òfin ààbò dátà ti 2023 kan àwọn fọ́ọ̀mù yẹn. Àṣírí ènìyàn ló wà lọ́wọ́ yín. Kò gbọdọ̀ wà níbi tí àwọn tó ń po ìyẹ̀fun yóò ti kà á, ẹ má sì tọ́jú èyí tí ẹ ò nílò mọ́.

Wọ́dà Tó Ti Fẹ̀yìntì · 10:40 àárọ̀

Lọ́yà ti sọ̀rọ̀. Ìwé ọlọ́pàá yẹn nìkan ni kí ẹ má gbára lé jù. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní kí ìdájọ́ dé ibi àkọsílẹ̀ àpapọ̀ ọlọ́pàá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ojú mi rí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ wa, tó sì gba ìwé tó mọ́ tónítóní.

Lọ́yà, Ọ̀gọ̀-Olúwa · 10:52 àárọ̀

Òótọ́ ni, bàbá. Mi ò jiyàn.

Ọmọ Òròkí ní Mánṣẹ́sítà · 12:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti 1974 ni wọ́n ti ní òfin kan níbí tó ń jẹ́ kí ìdálẹ́bi gbó kó sì kúrò nílẹ̀. Bó ṣe wà láti oṣù kẹwàá 2023, ẹni tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, bó bá ti lo ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ láìdá ọ̀ràn mìíràn, ó lè kọ rárá sínú fọ́ọ̀mù, kò sì parọ́ lójú òfin. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá ju ọdún kan lọ tí kò ju mẹ́rin, ọdún mẹ́rin ni yóò dúró. Bó bá ju mẹ́rin lọ, ọdún méje, àfi àwọn ọ̀ràn ńlá ti ìwà ipá, ti ìbálòpọ̀ àti ti ìpániláyà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí èmi ń ṣe yàtọ̀, wọ́n máa ń tú ìwé ẹni wò dé ìsàlẹ̀. Ohun tí Ìyá Ilé-ìwé ń ṣe nìyẹn, ó sì tọ̀nà.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ìyá Oníbúrẹ́dì mú nínú rẹ̀ ni ÌGBÀ tí a ń béèrè. Ní Amẹ́ríkà, Hawaii ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣòfin ní 1998 pé kí ìbéèrè yẹn kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Wọn ò ní kí ọ̀gá má béèrè o. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ rí èèyàn, kó gbọ́ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó sọ pé òun fẹ́ ẹ, kó wá béèrè. Bí ó bá wà lójú fọ́ọ̀mù, “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn nìkan ni ojú yóò rí, ohun yòókù tí ènìyàn kọ á ti ṣòfò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun · 12:41 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ìlú tó ní àkọsílẹ̀ lẹ ń sọ. Níbí, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní Kánò lè wá gbé ní Òṣogbo kó yí orúkọ padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi ní kí ìbéèrè náà wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá parọ́ síbẹ̀, lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, ẹ ti ní ìdí láti lé e.

Mo Ti Dé Ibẹ̀ · 2:30 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má sì bi mí ní orúkọ.

Ọdún 2013 ni, ọmọ ogún ọdún ni mí. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó gbé e, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà sọ fún mi pé bí mo bá ti lè gbà pé mo jẹ̀bi, ilé ni n ó sùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní lọ́yà. Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Oṣù mẹ́fà ni adájọ́ fún mi.

Nígbà tí mo jáde, mo kọ fọ́ọ̀mù márùn-ún. Mo kọ òótọ́ sí mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pè mí, kódà kí wọ́n kàn rí mi sójú. Mo kọ rárá sí ìkarùn-ún, wọ́n gbà mí. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ṣe níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ará àdúgbò wa bá ti wọlé báyìí, àyà mi á já. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan wá tú u, ọ̀gá pè mí síwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun ò bínú torí olè, pé irọ́ tí mo pa lòun ń bínú sí. Ó wù mí kí n bi í pé bí mo bá ti sọ òótọ́ ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá gbà mí? Ẹnu mi ò gbé e.

Ẹ̀yin Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, fọ́ọ̀mù yẹn kì í mú olè. Ẹni tó fẹ́ jalè á kọ rárá, á fọwọ́ sí i, á rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹni tó ti pinnu pé òun ò purọ́ mọ́ ló ń mú.

Ìyá, bí ẹ bá máa gba ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí owó bá sì dín lọ́jọ́ kan, ẹ má kọ́kọ́ wojú rẹ̀. Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, ó le ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ báyìí mọ ìtàn mi. Lọ́dún tó kọjá, ₦15,000 sọnù. Ó pe gbogbo wa, ó yẹ ìwé gbogbo wa wò bákan náà, kò wojú mi ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ìgbà tó yá ló rí i pé òun ni òun ṣi ìṣirò ṣe. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìyá Ilé-ìwé, Àyétòrò · 2:47 ọ̀sán

Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbè ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Oníbúlọ́ọ̀kù, Gáréèjì Iléṣà · 4:05 ìrọ̀lẹ́

Èmi ti gba méjì irú wọn. Ọ̀kan ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ mi lónìí. Ìkejì ń fa dísẹ́ẹ̀lì mi tà ní kọ̀rọ̀, mo lé e. Nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé ẹni rere ni gbogbo wọn, mi ò sì ní sọ pé olè ni gbogbo wọn.

Ohun tó kọ́ mi ni pé ihò tó wà lára iṣẹ́ mi ni kí n kọ́kọ́ dí. Kò sẹ́ni tó ń wọn dísẹ́ẹ̀lì nígbà náà. Bí ẹni yẹn ò bá jí i, ẹlòmíràn á jí i. Ti búrẹ́dì tiẹ̀ rọrùn. Ẹ ka búrẹ́dì níṣojú awakọ̀ kó tó jáde, kó fọwọ́ síwèé. Àwọn tó ń bá yín tà á, kí wọ́n máa san tìráńsífà wọn sínú àkáǹtì ilé búrẹ́dì tààrà, kó má gba àkáǹtì awakọ̀ kọjá. Búrẹ́dì tí kò tà, kí ẹlòmíràn bá a kà á nígbà tó bá dé. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ ṣírò, ẹ má dúró di òpin ọ̀sẹ̀, torí àárín ọ̀sẹ̀ ni gbèsè ti ń gbèrú. Kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò.

Kí gbogbo awakọ̀ yín máa ṣe é o. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní kó ṣe é, ẹ ti sọ àṣírí rẹ̀ fún gbogbo ilé nìyẹn.

Ìyá Ilé-ìwé, Àyétòrò · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ibì kan ṣoṣo ni mi ò fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ Mo Ti Dé Ibẹ̀. Ẹni tí yóò máa bá a ka owó, ṣé kò yẹ kí olúwarẹ̀ mọ̀?

Lọ́yà, Ọ̀gọ̀-Olúwa · 4:44 ìrọ̀lẹ́

Kò yẹ, mà. Iṣẹ́ olúwarẹ̀ ni kó ka owó, kó sì kà á pé. Bó ti ń kà á fún ẹlòmíràn ni kó kà á fún òun náà. Ìyá àti ọkọ wọn ló ń gbà á síṣẹ́, kó dúró lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Òkè-Fìà · Ọjọ́rú, 8:15 alẹ́

Ẹ kú ìdúró dè mí o. Mo ka ọ̀rọ̀ gbogbo yín fún ọkọ mi.

Mo pe ọmọkùnrin náà lánàá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la kọ́kọ́ sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, kí n tó kan ọ̀rọ̀ yẹn. Bátìrì òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jí. Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Nígbà tó jáde, ọdún méjì ló fi gbé ẹrù ní ọjà Ìgbọ̀nà kí ẹnìkan tó gbé ọkọ̀ búrẹ́dì fún un. Mo pe ọ̀gá yẹn. Owó fúláwà tó gbẹ́nu sókè ni kò jẹ́ kó lè máa bá iṣẹ́ lọ, ìyẹn ni ọmọ yẹn ṣe di aláìníṣẹ́. Ó ní fún ọdún mẹ́ta, ìṣirò rẹ̀ ò yẹ̀ rí. Mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé onídùúró méjèèjì, ọ̀kan ní Gbọ̀nmí, ọ̀kan ní Òkè-Baálẹ̀. Ẹ ṣé, POS.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ni yóò máa wà, oṣù mẹ́ta ìdánwò. Ìwé tí Oníbúlọ́ọ̀kù sọ, gbogbo awakọ̀ ni yóò máa fọwọ́ sí i. Èyí tó ti wà lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀ ti ń kùn, mo ní kó fara dà á. Ọmọbìnrin tí mo mú fún owó gbígbà, mo bi òun náà ní ìbéèrè kan náà lójúkojú, mo sì rìn dé ilé onídùúró tiẹ̀. Mo ti yọ ìbéèrè yẹn kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí mo bá ti mú tán nìkan ni n ó bi: ṣé ilé-ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi, kí ni, ìgbà wo.

Ọkọ mi ò tíì gbà tán. Ó ní òun á máa wò ó.

Mo Ti Dé Ibẹ̀ · 8:29 alẹ́

Ọlọ́run á bù kún yín, mà. Fọ́ọ̀mù àwọn yòókù ńkọ́?

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Òkè-Fìà · 8:36 alẹ́

Àárọ̀ òní ni mo kó wọn sínú ààrò, kí a tó ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Tirẹ̀ àti ti ọmọbìnrin yẹn nìkan ló kù. Wọ́n wà nínú àpótí mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.